Àwòrán Igbó Tí Bàbá Fi Ránṣẹ́ sí Calgary

Redstone, Calgary,
14 Oṣù Kẹfà, 2015.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú àìfojúrinjú. Mo mọ̀ pé ẹ máa yẹ òǹtẹ̀ àpò lẹ́tà yìí wò dáadáa kí ẹ tó já a. Èmi ni, Rẹ̀mílẹ́kún. Ara mi le. Súmbọ̀ tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kí n kí yín. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà kí yín, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kí yín. Bí mo bá ní "ẹ káàárọ̀" fún wọn, "Hi, Auntie" ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Ẹ ní kí n yé bá yín sọ̀rọ̀ tó nípọn lórí fóònù, pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Bándélé, ni fóònù wà, òun ló sì ń kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ. Ó dáa, mo ti padà sídìí lẹ́tà.

Iṣẹ́ ń lọ. Ó kàn yí padà díẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, inú ọ́fíìsì ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń wo àwòrán ilẹ̀ tí epo wà lábẹ́ rẹ̀. Nísinsìnyí, ìta ni mo wà. Àwa márùn-ún ni a máa ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, tí a ó fẹsẹ̀ rin pápá já kí àwọn akọ́lé tó gbé katakata wọ ibẹ̀. Ohun tí àwọn ará ìgbàanì fi sílẹ̀ là ń wá. Kí òyìnbó tó dé, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn ọdẹ ló ni gbogbo ibí. Wọn kò dáko, wọn kò mọ ògiri. Ẹran ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì ń já èso, wọ́n ń wa gbòǹgbò jẹ.

Ní Wednesday, mo gun òkè kékeré kan, mo bá òkúta tí kò ju orí ọmọdé lọ, wọ́n tò yíká, koríko ti bo ìdajì wọn. Ọ̀gá wa ní ibẹ̀ ni àgọ́ awọ dúró sí nígbà kan, òkúta ni wọ́n fi tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Wọ́n ká àgọ́, wọ́n lọ, òkúta kò lọ. Mo jókòó sí àárín rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò yín.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya àwòrán igbó ọdẹ yín. Ibi tí ẹ ń gbà wọ̀ ọ́, odò rẹ̀, àpáta rẹ̀, ibi tí ẹran ti ń lá iyọ̀ ilẹ̀, àti orúkọ tí ẹ ń pe ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò mú mi débẹ̀ rí, ẹ ní obìnrin kì í wọ igbó ọdẹ. Orí ìwé ni mo ní kí ẹ mú mi dé.

Oògùn oríkèé yín wà lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá.

Ọmọ yín,
Rẹ̀mílẹ́kún.


Abà Adéògún, Ìgbòho,
2 Oṣù Kẹjọ, 2015.

Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo kọ ọ́ lóòótọ́, kọ orúkọ ajá mi tí paramọ́lẹ̀ bù jẹ sínú èsì rẹ. Bí n kò bá rí orúkọ náà, èmi àti ẹni tó ń kọ̀wé kò ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wa sọ mọ́.

Oògùn oríkèé dé. Bándélé ni mo kọ́kọ́ fún lò. Nígbà tí nǹkan kan kò ṣe é lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, èmi náà bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, jẹ́ kí n bi ọ́. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ epo ni mo rán ọ lọ kọ́. Báwo ni ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ epo ṣe di ẹni tó ń jókòó láàárín òkúta lórí òkè? Bí pápá bá jó, màjàlà ní í ròyìn fún ará ilé. Rédíò ti sọ fún mi pé owó epo ti wálẹ̀. Ìyá Súmbọ̀ sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní ọmọ òun sọ pé o kì í wọ bàtà ọ́fíìsì jáde mọ́, pé ṣọ́bìrì lò ń gbé láràárọ̀. Ṣọ́bìrì, Rẹ̀mí! Ta lẹ̀ ń sin? Àbí ta lẹ̀ ń hú?

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti àwòrán. Láti kékeré lo ti ń jẹ ẹran igbó yẹn, o kò bèèrè ọ̀nà rẹ̀ rí. Ní báyìí tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ (bí mo bá purọ́, sọ pé mo purọ́), ò ń bèèrè odò, ò ń bèèrè àpáta. Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan tí n kò mọ̀ rí wá ri igi tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun mọ́ ẹ̀bá igbó mi. Bándélé ní àwọn tó ń ka ènìyàn fún ìjọba ni. Mo ní ṣé ọ̀bọ ni wọ́n wá kà nínú igbó? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára bọ́ síta.

Ọdẹ kì í júwe igbó rẹ̀. Bàbá mi kò júwe rẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tọ̀ fún ọdún méje kí n tó lè dá wọ̀ ọ́. Nítorí náà, sọ fún mi kedere: ta ló rán ọ?

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèwálé Adéògún.


Redstone, Calgary,
20 Oṣù Kẹsàn-án, 2015.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Tẹni-ń-tẹni ni ajá yín ń jẹ́. Dúdú ni, etí òsì rẹ̀ ya, ẹ sì sunkún ẹ̀ lẹ́yìn ilé nígbà tó kú, tí ẹ ní èéfín ló kó sí yín lójú. Ṣé èmi ni àbí èmi kọ́?

Ẹ kò purọ́. Láti oṣù Kejì ni wọ́n ti dá wa dúró, àwa mọ́kàndínlógún lẹ́ẹ̀kan náà, láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, kí ẹnikẹ́ni tó mu tíì. Mo kó fọ́tò yín àti ife mi sínú páálí, mo sì wọ train padà sílé pẹ̀lú àwọn mìíràn tó gbé páálí dání. Ilé gíga tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti ṣófo. Mo kó kúrò níbi tí mò ń gbé wá sí basement ilé Súmbọ̀, yàrá abẹ́ ilé, níbi tí bọ́ọ̀sì kì í ti í tètè dé. Ojú tì mí, ni mo fi pa á mọ́ fún yín. Ẹ má bínú.

A kò hú òkú, Bàbá. Ihò tí a ń gbẹ́ kò jìn ju orúnkún lọ. A ó sẹ́ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, a ó wò ó, a ó dí i padà. Bí a bá ṣèèṣì rí egungun ènìyàn, iṣẹ́ á dúró, wọ́n á sì pe àwọn àgbà Blackfoot tí ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn baba wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín, torí ẹ̀yin ló máa yé jù. Lórí pápá kan tí ojú ń wò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, òkìtì òkúta kéékèèké tò ní ìlà méjì. Ìlà méjèèjì jìnnà síra níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń bá a lọ, wọ́n ń súnmọ́ra, títí wọ́n fi dé etí ọ̀gbun. Ẹfọ̀n ni wọ́n ń fi í dẹ. Wọ́n á ki ẹ̀ka igi bọ àárín òkúta, àwọn ènìyàn á lúgọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan tó láyà á sì fọgbọ́n fa agbo ẹfọ̀n wọ àárín ìlà náà. Ẹfọ̀n á rò pé òun ló ń yan ọ̀nà. Ìgbà tó bá rí ọ̀gbun, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń tì í.

Wọ́n tún máa ń dáná sí pápá kí koríko tuntun lè hù níbi tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹran wá jẹ. Kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn? Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá wa pé bàbá mi ń jó pápá bẹ́ẹ̀, kíá ló mú ìwé jáde tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí odò méjì ti pàdé nílùú yìí sì rèé, Ìgbúnwọ́ ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, àfi bíi pé ilẹ̀ ní apá.

Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn wo ilẹ̀ náà, wọn kò rí ebè, wọn kò rí ògiri, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ni ín. Bàbá, igi funfun yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Bí ẹnì kan bá lọ sọ níwájú adájọ́ pé igbó yín kò lólúwa, kí lẹ máa nà sí i? Ẹ kò kọ́lé sínú rẹ̀, ẹ kò gbin kòkó. Tí àwòrán bá wà, tí orúkọ ibì kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ìdí tí mo fi bèèrè nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Rẹ̀mílẹ́kún yín.


Abà Adéògún, Ìgbòho,
20 Oṣù Kejìlá, 2015.

Rẹ̀mí ọmọ mi,

Kú òtútù o. Tẹni-ń-tẹni ni lóòótọ́, èéfín ló sì kó sí mi lójú lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ tó bọ́ kì í ṣe ikú. Ká ní o ti sọ ọ́ ní oṣù Kejì, láti oṣù Kejì ni àdúrà mi ò bá ti máa bá ọ. Ọmọ tó ń pa ẹkún mọ́ fún bàbá rẹ̀, ta ló fẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ rẹ fún oṣù méjì. Òótọ́ lo sọ. Àwòrán náà ló wà nínú àpò yìí. Lẹ́ẹ̀dì ni mo fi yà á, bí ó bá ń parẹ́, rọra dì í mú. Odò Aró wà ní ìwọ̀ oòrùn abà, Àpáta Ẹtù wà lókè rẹ̀. Ibi tí òkúta funfun ti yọrí nílẹ̀, mo fi àgbélébùú sàmì sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ le dáadáa, mọ́tò lè dé ibẹ̀.

Má fi han ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀gbọ́n rẹ. 

A ti dáná sí pápá lánàá. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn èéfín bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bàbá rẹ.


Redstone, Calgary,
31 Oṣù Kìíní, 2016.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo gba àwòrán náà ní ọjọ́ tí snow bo fèrèsé basement pátápátá, mo sì tan iná wò ó lọ́sàn-án gangan. Mo wò ó títí tí Súmbọ̀ fi bi mí bóyá ìwé ìgbéyàwó ni. Mo rí Odò Aró, mo rẹ́rìn-ín. Ṣé kò tíì ṣípò o? Mo sì rí igi kan tí ẹ yà sí igun ìsàlẹ̀, ẹ kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Igi wo nìyẹn?

Kò sí iṣẹ́ pápá nígbà òtútù. Òkúta ni mo ń fọ̀, tí mo ń kọ nọ́ńbà sí lára. Ìgbà tí iṣẹ́ kò tíì dúró ní oṣù Kẹwàá, bàbá àgbà Blackfoot kan wá wo ibi tí ìlà òkúta wà. Ọ̀gá wa bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Ó ní, "Ta ló fẹ́ mọ̀?" Ẹ ò bá fẹ́ràn rẹ̀! Ó ní òun kì í sọ ibi tí nǹkan wà fún ẹni tí òun kò tíì bá jẹun. Mo bu ìrẹsì mi fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó mu omi, torí ata, ó wá ní gbogbo òkúta yẹn ló ní ìtàn, ẹni tó bá ti mọ ìtàn wọn kò nílò àwòrán.

Bọ̀dá Bándélé ń pè mí lemọ́lemọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ara yín kò yá rárá, pé ẹ kò lè dìde. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ fèsì kíákíá, ẹ̀rù ń bà mí.

Rẹ̀mílẹ́kún.


Abà Adéògún, Ìgbòho,
17 Oṣù Kẹrin, 2016.

Rẹ̀mílẹ́kún,

N kò kí ọ.

Mo dìde dáadáa. Mo dìde débi pé mo gun orí igi, mo sì rí ohun tí mo rí.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, lọ́rì ńlá àwọn awakùsà kan tó ru ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀ wọ igbó mi. Bándélé ló jókòó síwájú, òun ló ń nawọ́ júwe ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ ìwé sórí ẹnu mọ́tò, gbogbo wọn sì kó orí jọ lé e. Àwòrán mi ni, Rẹ̀mí, mo ṣà á nílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ tán. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ibi tí ìka mi ti fi lẹ́ẹ̀dì kùn ún ní igun rẹ̀ hàn lára rẹ̀ bó ṣe wà.

Ṣé o rántí pé mo kọ ọ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ le? Àbàtà ni. Ẹfọ̀n rì síbẹ̀ nígbà ayé bàbá mi, wọn kò rí ìwo rẹ̀ mú jáde. Lọ́rì yẹn rì dé ikùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń fà á, awakọ̀ rẹ̀ jókòó sórí gbòǹgbò, ó ń sunkún bí opó. Òkúta funfun tí wọ́n fẹ́ wà jáde tà kò sí níbẹ̀ rárá. Odò Aró kò sí ní ìwọ̀ oòrùn. Irọ́ ni mo yà, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìwọ lo kọ́ mi. O ní ẹfọ̀n á rò pé òun ló ń yan ọ̀nà. Mo to òkúta tèmi sórí ìwé, mo sì lúgọ láti wo ẹni tó máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo ti fura sí Bándélé láti ọjọ́ igi funfun. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ìwọ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí nílé ayé yìí, mo sì kìlọ̀ fún un.

Gbogbo ọ̀rọ̀ adájọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ òkúta àtijọ́, ẹ̀ka igi lásán ni wọ́n, tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lúgọ sẹ́yìn wọn. Ó dùn mí. N kò ní purọ́ pé èéfín ni lọ́tẹ̀ yìí.

Má kọ̀wé sí mi mọ́.

Oyèwálé Adéògún.


Redstone, Calgary,
15 Oṣù Karùn-ún, 2016.

Bàbá,

Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má kọ̀wé. Ẹ kà á, lẹ́yìn náà kí ẹ fi dáná bó bá wù yín.

Láti ọjọ́ tí mo ti já àpò lẹ́tà yẹn ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni àwòrán náà. N óò sọ ohun tí mi ò sọ fún yín rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo tẹ̀lé yín wọ igbó láàárọ̀ ọjọ́ kan láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo dé Odò Aró. Ní gbogbo ọ̀nà, oòrùn àárọ̀ ń gún mi lójú, mo fi ọwọ́ bojú títí apá fi ń ro mí. Ẹni tó bá ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn láàárọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ rèé, ẹ ya odò sí ìwọ̀ oòrùn. Mo tún wò ó pé mi ò bèèrè òkúta funfun lọ́wọ́ yín, mi ò sì bèèrè ibi tí mọ́tò lè gbà. Ẹ̀yin lẹ dá a sọ. Mo wá mọ̀ pé pàkúté ni, àti pé èmi lẹ dẹ ẹ́ dè.

Inú bí mi, Bàbá. Mo fẹ́ fà á ya. Mo sunkún sínú basement yẹn bí ọmọdé, mo sì wá kọ lẹ́tà ẹ̀rín sí yín.

Bọ̀dá Bándélé tún pè ní oṣù Kejì, ó ní ẹ wà lórí àìsàn, pé òun fẹ́ fi orúkọ yín gba ìwé ilẹ̀ kó tó pẹ́ jù, kí n fi àwòrán ránṣẹ́. Ta ló sọ fún un pé àwòrán wà, mi ò mọ̀. Mo ní kó gbé fóònù fún yín, ó ní ẹ ń sùn. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo ń gbọ́ ohùn yín níta, tí ẹ ń lé ewúrẹ́, tí ẹ ń bú u pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé òkúta funfun ńkọ́, ṣé òkúta funfun wà níbẹ̀?

Mo rò ó pé bí mo bá kọ̀, ọdẹ mìíràn ló máa lọ bẹ̀, ẹni tó mọ ọ̀nà gidi. Mo bá fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù bó ṣe wà. Ẹ dáríjì mí, ẹ ti kìlọ̀. Mo rò pé wọ́n á kàn rìn kiri títí á fi sú wọn ni. Mi ò mọ̀ pé àbàtà wà níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Fóònù mi lè fi ilẹ̀ Ìgbòho hàn mí láti òkè, bí ẹyẹ ṣe ń rí i. Odò Aró ń hàn níbẹ̀, ní ìlà oòrùn. Ká ní mo fẹ́ tà yín ni, ìṣẹ́jú kan péré ló máa gbà mí láti sọ fún Bọ̀dá Bándélé pé, "Yí ìwé yẹn sódì." Mi ò sọ ọ́. Ẹ bi í.

Àwọn tí iná igbó lé kúrò nílùú wọn ní àríwá ti kún Calgary. Súmbọ̀ gba ìdílé kan sínú yàrá mi, orí àga ni mo ti ń kọ èyí. Inú ilé ń rùn èéfín aṣọ wọn, mo sì ń rò yín, bí ẹ tilẹ̀ fi mí wé ẹfọ̀n. Kí ni mo ṣe fún yín, Bàbá, kí ẹ tó to òkúta dè mí?

Rẹ̀mílẹ́kún.


Redstone, Calgary,
21 Oṣù Kẹjọ, 2016.

Bàbá,

Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Mo bi ìyá Súmbọ̀, ó ní ẹ wà láàyè, pé ẹ ń wá sí ìsìn, pé ẹ gba lẹ́tà mi, ẹ sì tì í bọ àpò. 

Mi ò bèèrè àwòrán mọ́. Ẹ kàn fi àpò òfìfo ránṣẹ́ sí mi, kí n rí ọwọ́ yín lára rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún.


Abà Adéògún, Ìgbòho,
9 Oṣù Kẹwàá, 2016.

Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ mi,

Kú sùúrù. O ní sùúrù jù mí lọ.

Irọ́ ni mo ń wá nínú lẹ́tà rẹ láti oṣù Kẹfà. Mo kà á títí igun rẹ̀ fi ya. N kò rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo mú ọ̀pá, mo rìn láti abà dé Odò Aró láti wádìí oòrùn. Ó gún mi lójú dé ibẹ̀. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń gba ọ̀nà yẹn, n kò kíyè sí i rí.

Bándélé sá lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn olókùúta yẹn. Ó padà dé ní oṣù Keje, ó dọ̀bálẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀yìn fèrèsé lòun ti yọjú rí mi nígbà tí mò ń yà á. Mo fún un lómi, n kò tíì fún un ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tó wá là mí lójú ni pé inú ń bí i sí ọ. Ó ní fóònù tirẹ̀ náà fi odò han òun nígbẹ̀yìn, pé o mọ̀, o sì dákẹ́, o jẹ́ kí ojú ti òun níwájú àjèjì. Ó bú ọ gan-an. Mo jókòó, mo ń gbádùn èébú náà. Ẹni tí ẹ bá jọ pa ète kì í bínú sí ọ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀rí tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, torí kò mọ̀ pé ẹ̀rí lòun ń jẹ́.

Lọ́rì náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ, lékeléke ló ń bà lé orí rẹ̀. Àwọn ọdẹ ti ń sọ pé, "Mo rí ìgalà lápá Àbàtà Lọ́rì." Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe ń gba orúkọ, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, ogún ọdẹ ló máa dá wọ igbó yẹn tí wọ́n á sì dárúkọ ibì kọ̀ọ̀kan láìwo ìwé. Mo ti kó wọn jọ, wọ́n ti gbà. Ìwọ ló fà á tí mo fi ronú rẹ̀.

O bi mí léèrè igi tí n kò kọ nǹkan kan sí lára. Igi àjàgbọn ni.

Ọjọ́ tó o tẹ̀lé mi, ṣé o rò pé n kò mọ̀? Ọdẹ wo ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa tẹ̀lé tí kò ní gbọ́? Ò ń tẹ ewé gbígbẹ bí ewúrẹ́. Mo dín ìrìn mi kù kó o lè bá mi. Nígbà tó rẹ̀ ọ́, o lúgọ sábẹ́ igi àjàgbọn yẹn, oorun gbé ọ lọ. Mo padà wá jókòó tì ọ́, mo ń lé eṣinṣin, títí oòrùn fi yí. Mo kúrò kó o tó jí, kó o lè rò pé o borí mi. N kò pa ẹran kankan lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n bi mí ní abà, mo ní Ibùba Rẹ̀mí ni mo wà. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ọdẹ ti ń pe ibẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Rẹ̀mí. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé.

Nígbà tí mò ń ya àwòrán irọ́ yẹn, mo ṣí odò nípò, mo ṣí àpáta nípò. Nígbà tí mo dé ibi igi àjàgbọn, ọwọ́ mi kọ̀. Ibi tó wà gan-an ni mo yà á sí. Mo fura sí ọ, Rẹ̀mí, mo jẹ̀bi, n kò sì rí ọ̀nà láti fi igi yẹn purọ́.

Ní oṣù Kejìlá, a máa dáná sí pápá. Wá. N kò ní dúró dè ọ́ lẹ́nu igbó, orúnkún mi ń dùn mí. Abẹ́ igi yẹn ni mo máa jókòó sí. O mọ ọ̀nà.

Bàbá rẹ,
Oyèwálé Adéògún.